Ìrì Nínú Pálọ̀

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o," ni Fèyísọ́lá ń wí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Olúgbénga ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ẹ̀bà lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti gba pálọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, báráńdà ni wọ́n ti ń jẹun.

Fèyísọ́lá tẹ rìmóòtù. Orí ọkọ̀ kékeré náà gbọ̀n, ó fa àwọn kóòṣì tí wọ́n so mọ́ ọn nídìí, ó sì kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sórí afárá Ọ̀ṣun. Níbẹ̀ ló ti máa ń kú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó gun ún, ó rọra ń gun ún, ó dé orí afárá, ó sọdá, ó wọ sítéṣọ̀n Ẹdẹ, iná iwájú rẹ̀ ń tàn yòò.

Fèyísọ́lá kígbe. Tíṣà àgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yà fún lọ́nà, òun ló fò sókè bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé. Ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, ẹ̀bà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù.

"Ó wọ̀lú, Bàbá Ìbùkún! Ẹ ò rí i bó ṣe wọ̀lú?"

"Mo rí i," ni Olúgbénga wí. "Ó kù kí èmi náà wọ pálọ̀ mi."

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó yẹn, ó nídìí. Bàbá tó bí i, Jacob lorúkọ wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Rélùwéè, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn wà. Láti nǹkan bí ọdún méjì ni ojú wọn ti ń ṣú lọ. Wọ́n ti wá bá ọmọ gbé báyìí, àwọn àti Màmá, nítorí pé ẹnu àtẹ̀gùn ilé tiwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn ṣubú. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Ìbàdàn. Dókítà ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: iṣẹ́ abẹ náà lè gba ìyókù ìríran wọn là, ó sì lè má gbà á là.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá ọjọ́ fún wọn, Fèyísọ́lá bi Bàbá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rí kó tó di ọjọ́ náà. Ó rò pé wọ́n máa dárúkọ àbúrò wọn tó wà ní ìlú Ara, tàbí kí wọ́n ní kí wọ́n gbé àwọn lọ síbi ibojì ìyá àwọn. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Kí ni mo tún fẹ́ rí? Ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ Ẹdẹ láàárọ̀ ni. Ṣé ẹ lè gbé ìyẹn wá?"

Àwàdà ni Bàbá fi ṣe. Fèyísọ́lá ò gbà á láwàdà. Iṣẹ́ ọnà ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ọwọ́ rẹ̀ ò sì lè gbófo. Ó ra pákó pẹlẹbẹ, ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ tábìlì nínú pálọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Ẹdẹ ìgbà èwe Bàbá sórí rẹ̀. Páálí ló fi mọ ilé sítéṣọ̀n. Agolo mílíìkì tó gé tó sì lù pẹrẹsẹ ló fi bò ó lórí, tó wá kùn ún títí tó fi dà bí páànù tó ti dógùn-ún. Kànìnkànìn ìfọbọ́ tó kùn láwọ̀ ewé ló di igi. Gọ́ọ̀mù ló dà sórí ọ̀dà tó fi di odò Ọ̀ṣun, ẹni tó bá kọjá á fẹ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Yanrìn ilẹ̀ sítéṣọ̀n, etí Ọ̀ṣun gan-an ló ti lọ bù ú, asẹ́ gàrí Màmá ló sì fi kù ú. Màmá wá asẹ́ yẹn títí, wọ́n fẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò kí àṣírí tó tú.

Igi máńgòrò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítéṣọ̀n tí Bàbá ò gbà kó gbàgbé. Abẹ́ igi náà ni Màmá máa ń dúró sí pẹ̀lú igbá ọsàn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọge, tí wọ́n á máa ṣe bí ẹni pé èrò inú ọkọ̀ làwọn ń tajà fún. Bàbá ní àwọn ń mọ ibi tó yẹ kí orí ọkọ̀ dúró sí, kó má jìnnà sí igi náà.

Orí ọkọ̀ ló fojú Fèyísọ́lá rí màbo. Ohun ìṣeré òkè òkun àlòkù ni, inú òkìtì ọjà tòkunbọ̀ ní Òṣogbo ló ti ṣà á. Nígbà tó gbé e dé, kò mira. Ó tún un ṣe, ó wá ń rìn, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń lò, bí wọ́n bá sì ti mú iná lọ, ọkọ̀ sùn nìyẹn. Fèyísọ́lá bá kó gbogbo ìfun rẹ̀ dà síta. Mọ́tò inú ọkọ̀ ìṣeré Ìbùkún ọmọ rẹ̀, tó ti bà jẹ́ tipẹ́, ló yọ sínú rẹ̀, tòun ti rìmóòtù rẹ̀. Ó fi bátìrì fóònù kún un. Nígbà tó rí i pé ó fúyẹ́ jù láti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó lọ tọrọ òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, ó sì tò ó sínú ikùn rẹ̀. Iná iwájú ló ṣe kẹ́yìn. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì tó funfun jù lọ lọ́jà ló fi ṣe é, kí ojú Bàbá lè rí i mú.

Màmá wà lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ Ẹtì yẹn nígbà tí ọkọ̀ wọ̀lú. Obìnrin àdúrà ni Màmá, ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ wọn ò lè ṣe ìpàdé kí wọ́n má sí níbẹ̀. Nǹkan tuntun kan ò sì gbọdọ̀ wọlé wọn láìfojú kan òróró àdúrà. Nígbà tí wọ́n ra fíríìsà, Màmá ta òróró sí i. Nígbà tí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n ta á sí i. Bírò tí Ìbùkún fi ṣèdánwò àṣejáde, wọ́n fi òróró pa á títí ó fi ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà nínú gbọ̀ngàn.

"Ṣé ẹ ti gbàdúrà sí i?" ni Màmá béèrè.

Fèyísọ́lá ní lọ́la ni, níṣojú gbogbo àwọn, kí Bàbá náà lè ṣe àmín. Màmá ní ó dáa. Wọn ò kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀ ṣá. Wọ́n bi í pé ibo ló ń dààmú rẹ̀ jù nínú gbogbo ọ̀nà ọkọ̀ náà, Fèyísọ́lá sì fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ hàn wọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, Bàbá wẹ̀, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n sì dé fìlà iṣẹ́ wọn àtijọ́ tí kòkòrò ti jẹ létí. Fèyísọ́lá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ó sì mú wọn jókòó sórí àpótí kúkúrú níwájú sítéṣọ̀n, kí ojú wọn lè bá ojú irin dọ́gba. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jẹun àárọ̀. Màmá gbàdúrà, wọ́n dárúkọ ojú Bàbá, wọ́n dárúkọ dókítà, wọ́n dárúkọ ọkọ̀ náà pàápàá, àmín gbogbo ilé sì dún.

Fèyísọ́lá tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ gbéra, ó yí orí tábìlì ká bí ọba. Ó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó gùn ún díẹ̀, ó bá dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí fàìfàì lójú kan, lẹ́yìn náà ló rọra fà sẹ́yìn, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó tún un tẹ̀. Ọkọ̀ tún fà sẹ́yìn. Fèyísọ́lá pààrọ̀ bátìrì, ó tún un tẹ̀, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Bí ó ṣe dùn ún tó, kò lè wojú Bàbá. Olúgbénga ní kó fara balẹ̀, ó ní ṣebí àná ló ń rìn, ṣùgbọ́n Fèyísọ́lá ti nawọ́ mú irinṣẹ́, ó fẹ́ tú ikùn ọkọ̀.

"Mọ́tò yẹn ni," ló wí. "Ó ti jóná. Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti bà á jẹ́."

"Má tú u," ni Bàbá wí. "Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí gbogbo yín dákẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Bàbá dorí kodò, wọ́n ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń yí. Ẹ̀rín kékeré kan yọ lẹ́nu wọn.

"Agbára wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń yọ̀. Fi ọwọ́ mi síbẹ̀."

Fèyísọ́lá mú ọwọ́ wọn dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bàbá fi ìka kan wọ́ ojú irin láti ìsàlẹ̀ dókè, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ìka náà, wọ́n sì gbé e sí imú. Wọ́n gbé e síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú síbi tí wọ́n ti gbọ́ àmín Màmá kẹ́yìn. Màmá ń tún gèlè wọn wé, gèlè tí kò tú.

"Ìrì ni," ni Bàbá wí.

Ìrì nínú pálọ̀. Òwúrọ̀ ti pọ́n, òòrùn ti mú, fáànù ń yí lókè, Bàbá ní ìrì ni. Olúgbénga la ẹnu, Fèyísọ́lá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun náà ti rí ìgò òróró lórí fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì Màmá, láìdé.

Inú bí i, kí n má purọ́. Inú bí i débi pé etí rẹ̀ gbóná. Gbogbo oṣù tó fi gé páálí, tó fi fi gọ́ọ̀mù lẹ ara rẹ̀ mọ́ pákó, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àti ìgò òróró kan ló fẹ́ sọ ọ́ di asán lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó ní. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀. Ó wo Bàbá, ó sì gbé e mì.

"Létí odò, tí ọyẹ́ bá mú, irin máa ń tutù bẹ́ẹ̀," ni Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, bí ẹni ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀. "Ọkọ̀ ńlá náà máa ń yọ̀. Yanrìn la máa ń gbé sínú orí ọkọ̀, a ó máa tú u síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé yanrìn tí o kù yẹn ṣẹ́kù?"

Ó ṣẹ́kù. Inú agolo ló wà. Bàbá bu díẹ̀ sáàárín ìka, wọ́n wọ́n ọn sórí irin méjèèjì bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé rìmóòtù fún àwọn. Fèyísọ́lá fi àtàǹpàkò wọn mọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ dá ọkọ̀ padà sẹ́yìn dáadáa, kó lè rí ìsáré fi gùn ún. Wọ́n tún fìlà dé.

Ọkọ̀ gbéra. Ó kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ díẹ̀, yanrìn ń ró wẹẹrẹwẹ lábẹ́ rẹ̀, ó sì di irin mú. Ó ń gùn. Fèyísọ́lá ti di apá ọkọ rẹ̀ mú, kò mọ̀ pé èékánná òun ń wọ̀ ọ́ lára. Ọkọ̀ dé orí afárá, ó sọdá Ọ̀ṣun, ó yí orí bọ̀, iná iwájú rẹ̀ sì kọjú sí Bàbá gan-an.

Bàbá na ọrùn síwájú. Ojú wọn là gbàgà.

"Mo rí i," ni wọ́n wí. "Mo rí iná rẹ̀. Ó ń bọ̀."

Wọ́n dá a dúró ní sítéṣọ̀n, wọn ò sì béèrè ibi tí igi máńgòrò wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ lọkọ̀ dúró sí. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n gbé ohùn wọn àtijọ́ wọ̀.

"Ẹdẹ rèé o. Ẹni tó bá ń sọ̀, kó sọ̀."

Fèyísọ́lá bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Olúgbénga ń pàtẹ́wọ́. Màmá ti dìde, wọ́n ń jó yí tábìlì ká, wọ́n ń dá orin ọpẹ́ tí wọ́n ń gbe fúnra wọn.

"Bàbá Fèyí, ṣé ẹ rí i pé àdúrà gbà?" ni wọ́n wí.

"Ó gbà, Mary," ni Bàbá dá wọn lóhùn. "Ó gbà gan-an."

Wọ́n wa ọkọ̀ náà títí ó fi rẹ bátìrì. Nígbà tí Màmá lọ gbé omi iyán kaná, tí Olúgbénga tẹ̀ lé wọn láti gbé odó, Fèyísọ́lá mú àkísà àti ìgò sípíríìtì, ó rọra súnmọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òórùn sípíríìtì kan Bàbá nímú.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ nu irin ni, Bàbá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kì í ṣe ìrì, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀." Àpótí ni wọ́n ṣì jókòó lé, fìlà wà lórí itan wọn. "Lọ́jọ́ Ajé, kí dókítà tó fọwọ́ kàn mí, màmá rẹ máa fi òróró yẹn kan náà ra mí níwájú orí. Ìgbà tó bá ń rà á, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, kò fẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Èmi ò ní nù ún. Má nu tìrẹ náà."

Láti ilé ìdáná, Màmá ń pe Fèyísọ́lá pé kó wá bó iṣu. Ó dé ìgò sípíríìtì náà padà. Ó gbé agolo yanrìn síbi tí ọwọ́ Bàbá ti lè tó o, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀.