Omi Lẹ́nu Rédíò

Omi kún ẹnu Rédíò dẹ́mudẹ́mu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bíi ti ẹni tí eyín ń dà láàmú. Kò gbọdọ̀ gbé e mì, kò gbọdọ̀ tu ú dànù, títí bàbá rẹ̀ yóò fi rí bọ́tìnnì kan ṣoṣo tẹ̀ lórí fóònù.

Òfin olùkọ́ wọn nìyẹn. Obìnrin náà kì í pariwo, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ ò ṣeé yí. Lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì ṣíṣe yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí, yóò sì dákẹ́. Nítorí pé àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ó ní kí kálukú bu omi sẹ́nu. Ẹni tó ń dán iṣẹ́ wò ní tirẹ̀ ni yóò máa sọ gbogbo ohun tó bá wá sí i lọ́kàn jáde. Èèyàn mẹ́rin ti ṣe tiwọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀kan tu omi sára kọ̀ǹpútà.

Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí ní Rédíò. Ọdún márùn-ún ló fi ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kan kó tó wá kọ́ṣẹ́, ẹnu ló sì fi ń tà á. Ó ti ta bàtà òjò rí fún ẹni tó kàn wá béèrè ọ̀nà báńkì. Tó bá yege lónìí, àga kan ń dúró dè é ní ọ́fíìsì òkè, níbi tí olùkọ́ ti ń ṣiṣẹ́ fáwọn oníbàárà. Tó bá kùnà, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ti ní àyè rẹ̀ ṣì ṣófo. Bẹ́ẹ̀, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ò padà sídìí bàtà mọ́ láéláé.

Ìkànnì ìsọ̀ bàbá rẹ̀, tó ń tún bàtà ṣe, ló ṣe. Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá bàjẹ́ yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò sì mú ọjọ́ tí yóò gbé e wá. Ẹni tó wá yẹ kó máa sọ̀rọ̀ jáde ni bàbá yìí o, bàbá tí wọ́n á kí, tí á mi orí! Rédíò ti mọ̀ pé òun gbé.

Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ fóònù. Fóònù ò dáhùn. Láti ogójì ọdún ni àtàǹpàkò ọ̀hún ti ń ti abẹ́rẹ́ gba inú awọ, ó ti le débi pé fóònù ò mọ̀ pé ara èèyàn ni. Bàbá gbé ọmọńdinrín jáde.

"Ẹ máa sọ̀rọ̀ o, Bàbá," olùkọ́ rán an létí.

Bàbá wúkọ́. "Ó dáa. Mo rí bàtà. Kì í ṣe èmi ni mo rán an. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́."

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Rédíò ti mú àwòrán náà. Ó fẹ́ ṣàlàyé, omi ò jẹ́.

"'Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé, ẹ fara balẹ̀.'" Bàbá fà á sókè. "Ìkíni ni." Ó tún fà á. "Ìkíni ṣì ni. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìkíni yìí máa ń parí?"

Àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ń fà á lọ títí tó fi kan gbólóhùn tí Rédíò fẹ́ràn jù, èyí tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tó kọ ọ́, omijé bọ́ lójú rẹ̀: *Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́.*

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló ní èmi kì í sọ̀rọ̀?" Fóònù ló ń bá wí. "Àyè ni mi ò rí. Mo ní ìtàn bàtà àkọ́kọ́ tí mo rán, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ nílé. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yìí gbà á lẹ́nu mi, ó bá mi parí ẹ̀. Ìparí ẹ̀ kọ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ sáré wá sẹ́nu Rédíò, omi dá gbogbo wọn padà. Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara.

"Ìdọ̀tí kan wà nísàlẹ̀ níbí," Bàbá tún wí. Ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún. Ojú fóònù yí padà: *A dúpẹ́! À ń retí yín.* "Ẹ wò ó, mo bá a nù ún, ó ń dúpẹ́."

Bọ́tìnnì nìyẹn, aláwọ̀ eérú lórí eérú.

Rédíò gbé omi mì. Olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín. "O ò tu omi. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mọ́kànlá! Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúwàbí." Ibẹ̀ ló dúró sí, òwe ọ̀hún pàápàá, ààbọ̀ rẹ̀ ló sọ. "Mo fún ẹ ní wákàtí kan. Ẹlòmíì ló máa dán an wò."

Rédíò lanu láti ṣàlàyé, ó pa á dé. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, kí lẹ fẹ́ kó wà níbẹ̀?"

Ó sì dúró. Ìdúró náà nira fún un ju gbogbo oṣù mẹ́fà tó fi kọ́ṣẹ́ lọ.

"Kọ ọ́ pé," Bàbá wí nígbà tó pẹ́, "'Ẹ gbé bàtà tó bàjẹ́ wá. Ẹ ó wọ̀ ọ́ lọ sílé.'"

Rédíò pa ìkíni rẹ́. Ó pa ìtàn ìdílé rẹ́. Nígbà tó kan gbólóhùn tó pa á lẹ́kún, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì pa á rẹ́. Ó ya fọ́tò bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ gan-an. Ó kọ gbólóhùn méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi bọ́tìnnì pupa kan síbẹ̀ tó tóbi tó àtàǹpàkò Bàbá.

Wọ́n pe aṣọ́nà tó ń ṣọ́ géètì wọlé. Rédíò tún bu omi sẹ́nu. Aṣọ́nà wo fóònù, ètè rẹ̀ mì, ó tẹ̀ ẹ́. "Mo ti mú Ọjọ́bọ̀," ló wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè rí bí bàtà rẹ̀ ṣe lanu. "Ṣé bàbá ọ̀hún nìyí?"

Omi ò tíì móoru lẹ́nu Rédíò.

"Òkè," olùkọ́ wí. "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, inú Rédíò ń dùn débi pé ó fẹ́ máa fò. Ó ti to gbogbo bó ṣe máa ròyìn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ilé ìdáná. Bàbá wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàtà àkọ́kọ́ tí mo rán yẹn…"

Rédíò mọ ìtàn náà. Láti kékeré ló ti ń sọ ọ́ káàkiri. Ó lanu. Ó wo ojú bàbá rẹ̀. Ó ṣí ìgò omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu ẹ̀kún ẹnu kan, kò sì gbé e mì.

Bàbá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ni," ló wí.

Rédíò ò gbọ́ ìyẹn rí.