Ọkàn Tó Ń Súfèé

Mo ṣẹ́jú sí i. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Èmi tí mo ti sin ọkọ, tí mo ti wẹ ọmọ ọmọ, mo dùbúlẹ̀ gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn nínú ẹ̀wù tí wọ́n fi okùn tín-ín-rín so lẹ́yìn, mo wá ń ṣẹ́jú sí ọmọ ọmọ mi bí ọmọge tó rí àfẹ́sọ́nà.

Ọmọ náà dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà. Kóòtù funfun tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀ ló wọ̀. Mo tún ṣẹ́jú. Ohun tí mò ń fojú sọ ni pé, dákẹ́ ẹnu ẹ, wọlé, gbọ́ àyà mi, kí o sì gba máàkì ẹ.

Kàkà bẹ́ẹ̀, ó yíjú sí àwọn dókítà méjì tó ń dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wò, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan àti obìnrin kan tó ń fi bírò lu tábìlì.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè yẹ aláìsàn yìí wò. Ìyá ìyá mi ni."

Onírùngbọ̀n yọ awò ojú rẹ̀. "Màmá, ṣebí ẹ sọ fún mi pé ẹ ò ní ẹbí kankan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Arúgbó ni mí, mo máa ń gbàgbé ẹbí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ọmọ ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn ní yàrá kejì. Dókítà ni mo ń pè é láti ìgbà tó ti ń fi àkísà di ẹsẹ̀ adìẹ mi. Ó lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Bí mo ṣe dé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn nìyí. Àtẹ̀gùn ilé ló kọ́kọ́ ń bá mi jà. Bí mo bá gùn ún dé ìdajì, màá mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé ehoro tí kò bá a. Mo bá lọ sí ilé ìwòsàn. Onírùngbọ̀n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé mi, ojú rẹ̀ sì tàn bíi ti ẹni tó rí owó he.

"Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ọkàn yín ti le, Màmá, kì í ṣí tán mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fún ara rẹ̀ gba ibẹ̀, ó ń súfèé."

Ó fún mi lóògùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí pé kí n wá dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò àwọn tó fẹ́ gboyè, kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbọ́ súfèé náà, kí wọ́n sì sọ ohun tó ń fà á. Ó ní aláìsàn tó bá máa ṣe é kò gbọdọ̀ ní ẹbí láàárín wọn, kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó ń ṣe é fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Mo ní mi ò ní ẹbí. Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí ọmọ náà lọ́jọ́ tó bá ń di dókítà. Ìyá rẹ̀ tó bí i kò dúró rí i.

Bí mo ṣe rú òfin àkọ́kọ́ nìyẹn; inú ilé ìdáná mi ni mo ti rú èkejì.

Ìwé ti gba Dókítà lọ́wọ́ mi. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì máa ń rán wá kó aṣọ tí mo bá fọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo sọ ọmọ yẹn, torí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni wọ́n ti jọ ń kàwé. Òkú kan náà ni wọ́n jọ gé nígbà tí wọ́n ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara. Bó bá dé, àpótí ìdáná mi ló máa jókòó lé, á máa fi àwàdà mi rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ràn irú ẹ̀?

"Màmá wa," ó ní lọ́jọ́ kan, "ẹ ń mí bí ẹni tó sáré."

"Ìwọ náà ru ìdí tó tó tèmi yìí kiri ná, ká wo bí o ṣe máa mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi mí sílẹ̀. "Rárá o, Màmá wa. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé èmi náà kì í ṣe ọmọ yín ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú mi lẹ́nu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ilẹ̀kùn, súfèé, bẹ́ẹ̀dì ìdánwò. Mo ní, "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Dókítà gbọ́ o. Bó bá mọ̀ pé ọkàn ń yọ mí lẹ́nu, kò ní lè kàwé mọ́."

"Ẹnu mi ti di pa." Ó di ọwọ́ mi mú, ó tẹjú mọ́ mi. "Ibo gan-an ni wọ́n ní ó ti ń súfèé jù, Màmá wa?"

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ibẹ̀. Ìfẹ́ ni mo pè é.

Lọ́jọ́ ìdánwò, bí Dókítà ṣe jáde, aago dún, Ẹlẹ́rìn-ín ló wọlé tẹ̀lé e.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yẹ àyà yín wò?"

Mo ní ọmọ yìí mọ eré ṣe o! Mo ń retí kó fi ojú kan sọ̀rọ̀ sí mi. Kò ṣe é. Ó wò mí bí ẹni ń wo àga. Ó fọwọ́, ó gbé ẹnu ẹ̀rọ lé apá ọ̀tún àyà mi, níbi tí mo fi hàn án gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde.

"Súfèé wà níbí, sà. Ó gòkè lọ sí ọrùn. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn ló ti le."

Bírò dákẹ́ lórí tábìlì. "O gbọ́ súfèé náà?" obìnrin yẹn bi í.

"Mo gbọ́ ọ dáadáa, mà."

"Etí wo lo fi gbọ́ ọ?"

Ẹ̀rọ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò tíì kì í bọ etí! Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, Ọlọ́run má bínú sí mi.

"Ta ló sọ fún ẹ?" Onírùngbọ̀n béèrè.

Ìgbà yẹn ló tó wojú mi. Mo rò pé yóò sọ pé èmi ni.

"Ọ̀rẹ́ mi ni, sà. Ọmọ ọmọ wọn. Ó ti sọ fún wa tipẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yára ní òun ò lè yẹ̀ wọ́n wò, kó má baà hàn."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Tèmi ti gbẹ.

Mo dìde fùú, okùn ẹ̀wù já, ìdí mi sì kọjú sí fèrèsé. "Irọ́ ni! Èmi ni mo sọ fún un! Nínú ilé ìdáná mi! Dókítà mi ò mọ nǹkan kan!"

"Ẹ rọra, Màmá," obìnrin náà ní.

Onírùngbọ̀n kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. "Màmá, ẹ ti kọ́kọ́ ní ẹ ò ní ẹbí níbí. Èwo nínú ọ̀rọ̀ yín ni ká wá gbà?"

Mo nawọ́ sẹ́yìn, mò ń wá okùn ẹ̀wù mi.

Ẹlẹ́rìn-ín súnmọ́ mi. Ó fa ẹ̀yìn ẹ̀wù mi pọ̀, ó so okùn tó já, bí ọmọ ṣe ń ṣe fún ìyá rẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá wa," ó sọ ọ́ sí mi létí. "Èmi nìkan ni ilé wa gbójú lé." Ó sì jáde.

Nígbà tí Dókítà padà wá, wọ́n ti sọ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò kí mi. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ki ẹ̀rọ bọ etí, ó gbọ́ àyà mi. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé e sápá ọ̀tún, ó gbé e sọ́rùn, ó dijú.

"Wọ́n ti fún yín lóògùn?"

"Mò ń lò ó."

"Wọ́n ní kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi wá síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n lè lé mi."

"Màá tẹ̀lé ẹ lọ. Màá jẹ́wọ́ irọ́ mi lójú gbogbo wọn. Bí wọn ò bá gbà mí gbọ́, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọ́n á fi gbà."

Ó ń ká ẹ̀rọ náà pọ̀. Mo wá àwàdà kan. "Fèrèsé wọn kúkú ti rí ìdí mi tán. Ojú kí ló tún kù tí mo fẹ́ tì?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ti ẹ̀rọ bọ àpò kóòtù tí mo lọ̀ fún un, ó sì wò mí.

"Ọkàn ń yọ yín lẹ́nu, Màmá àgbà. Nínú gbogbo ayé, kí ló dé tó fi jẹ́ òun lẹ sọ fún?"