Ohun Tí Ilẹ̀ Kọ̀ Láti Jẹ

Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé pé Ṣàfíù ti kú sí ọsibítù, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ìgàndó ni. Ìgbẹ́ gbuuru ló pa ọmọ náà. Matilda gbọ́ igbe Sìkírátù, ìyá ọmọ, láti ilé kejì. Kò lọ kí i. Ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló gbà lọ.

Kànga àtijọ́ kan tó ti gbẹ wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí owó epo ti dé, tí Julius ọmọ rẹ̀ ti ń ti Wàrì kó páálí ìlédìí oníbébà ránṣẹ́ sí Agnes ìyàwó rẹ̀ nítorí Báyọ̀dé ọmọ wọn, inú kànga náà ni wọ́n ń ju èyí tí ọmọ bá ti lò sí. Agnes ì bá sun ún. Matilda ló kọ̀. "A kì í sun ìlédìí ọmọ. Ìdí á máa ta ọmọ bí iná." Sìkírátù a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ògiri: "Ìyá Julius, ẹ ń fi bébà wé ọmọ bí àkàrà." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Bí èèyàn bá wúkọ́ nídìí kànga gbígbẹ yẹn, wọ́n á gbọ́ nídìí kànga Sìkírátù.

Matilda gbé páànù tó bo kànga gbígbẹ náà kúrò. Omi òjò ti kún inú rẹ̀. Àwọn ìlédìí léfòó, wọ́n wú bíi búrẹ́dì tó rẹ sómi, wọ́n ṣì funfun. Ilẹ̀ tó jẹ ọkọ rẹ̀ tán kò fẹnu kan èyí. Ìdọ̀tí inú wọn wá ńkọ́? Ibo ló gbà lọ?

"Màmá," Agnes pè é láti ẹ̀yìn. "Báyọ̀dé ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti àárọ̀."

"Omi wo lo fún un?"

"Omi ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣàfíù náà ni. Ṣebí ibẹ̀ la ti ń pọn."

"Gbé e lọ sí ọsibítù. Má dúró wé gèlè."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ Ìyá Ṣàfíù yòókù ṣì ń mu omi yẹn."

Ó lọ sọ fún Sìkírátù, kò fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. "Ẹ máa lọ, jàre," Sìkírátù ní. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Matilda fi igi oníkọ́ yọ àwọn ìlédìí, ó sá wọn sóòrùn, ó da epo òyìnbó lé wọn, ó sun wọ́n. Báyọ̀dé gbádùn. Ìdí kò ta á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe sàráà ọmọ náà, ẹnì kankan kò pe Matilda. Ó se omi, ó jẹ́ kó tutù, ó rọ ọ́ sínú ìkòkò amọ̀ tuntun lẹ́bàá ọ̀nà. Obìnrin kan tó ru ẹrù dúró mu.

"Ta ló ni omi yìí, Màmá?"

"Ti Ṣàfíù ni," ló ní, ó sì bu ife kejì fún un.