Ètò Ọ̀fẹ́ Tí Àfẹ́sọ́nà Káfíńtà Kọ

"Olólùfẹ́ mi, iṣẹ́ tí o ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé kò ti di yẹpẹrẹ?"

Ọ̀rọ̀ káfíńtà gún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́kàn. Ọmọge náà ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń kàwé sétí afọ́jú, tó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lò ó, kó sì tún un ṣe. Ó jókòó láti yọ ọ́ kúrò, àfi bó ṣe rí i pé àjèjì kan ti bá a tún àṣìṣe kan nínú ètò náà tó ti sú u ṣe, àjèjì náà sì kọ̀wé sí i pé: "Ètò yín ni màmá mi fi ń kàwé. Ẹ ṣé, ọ̀gá mi."

Káfíńtà náà kà á. "Háà! Àga tí mo ń kàn, ta ló bá mi tún un ṣe rí? Ìyàwó mi, má yọ ọ́ o!"

Tẹkún-tẹ̀rín ni ọmọge fi dá àjèjì náà lóhùn: "Èmi ni mo dúpẹ́."