Làpálàpá Ara Igi

Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti wá ẹni tó gọ̀ jù mí lọ ní gbogbo òkè Intag. Mo ti bá yín wá a, kò sí.

Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ọgbà. Màálù Hermelinda, ìyàwó mi, jáde, ó lọ bímọ sínú igbó òkè, òtútù sì pa ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn, Hermelinda ń gbọ́únjẹ fún mi, ó ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n n ò gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Lọ́dún yìí, ọ̀sẹ̀ tí màálù fẹ́ bí gan-an, ta ló tún fi ilẹ̀kùn sílẹ̀? Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n.

Mo ní mò ń lọ wá a. Ìyá Hermelinda na àdá sí mi.

"Máa ṣá igi bó o ṣe ń lọ, kó o lè rọ́nà padà."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Làpálàpá ara igi ni màá fi ṣàmì."

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ará Quito! Ó dàárọ̀ o."

Ogún ọdún tí mo fi wakọ̀ ní Quito, olú-ìlú wa, ló ń dà mí láàmú. Nǹkan bíríkítí tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi lókè wa yìí, tó funfun bí ẹfun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí àmì ojú títì: méjì lára igi tó tẹ̀, yà sọ́tùn-ún, márùn-ún, yà sósì. Mo tiẹ̀ ń súfèé.

Nígbà tó dọ̀sán, kùrukùru sọ̀kalẹ̀, ó rẹ gbogbo igi. Mo yíjú padà, kò sí funfun kankan níbì kan! Bí nǹkan ọ̀hún bá ti mumi, ṣe ló máa ń di àwọ̀ ewé. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lábúlé wa, àfi èmi.

Mo pariwo títí ohùn mi há. Ẹ̀rù bà mí, mo sunkún. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Bí mo ṣe gbọ́ èémí lẹ́yìn mi nìyẹn. Màálù náà ni, pẹ̀lú ikùn rẹ̀ rọ̀gbọ̀dọ̀, ó ń wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mú mi délé."

Ó yí padà, ó ń lọ. Mo di ìrù rẹ̀ mú.

Bá a ṣe wọ àgbàlá nìyẹn, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, ẹrẹ̀ dé itan mi. Màmá bọ́ síta.

"Hermelinda! Màálù rẹ rí ọkọ rẹ he lóko o! Tú màálù sílẹ̀, ọkọ rẹ ni kó o so mọ́lẹ̀!"

Hermelinda sáré jáde, ó fọwọ́ kan ikùn màálù, ọmọ ń mira níbẹ̀. Ó wá wo ìrù tí mo ṣì dì mú. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi fara ti ògiri, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i. "Wá so mí."