Eré Ìje Tí Bàbá Pẹ̀lúmi Borí

Àwọn obìnrin míì ní orogún. Èmi ní PHP. Èdè tí wọ́n fi ń kọ sáìtì ni, kí ó lè máa dá àwọn èèyàn lóhùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun sì ni Adéyanjú ọkọ mi fi ń jẹun láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Tí ọkùnrin yẹn bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ọbẹ̀ á tutù, ìrẹsì á gan, kò ní mọ̀.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Nombakélé, ní Libreville, ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Cyprien, ọmọ ilẹ̀ Gabon. Sáìtì tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Port-Gentil ni iṣẹ́ wọn tó tóbi jù, ọkọ mi ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ẹnikẹ́ni bá ní sáìtì náà ń falẹ̀, ṣe ni ojú rẹ̀ máa ń yí padà bíi pé wọ́n bú ọmọ rẹ̀.

Lọ́dún 2016 yẹn, owó epo rọ̀bì ti já lulẹ̀ lọ́jà àgbáyé, Libreville sì gbẹ. Àwọn tó máa ń gbé iṣẹ́ fún Cyprien ò gbé e wá mọ́. Nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, náírà ń wó lójoojúmọ́, àwọn ẹbí wa sì gbà pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ sẹ́fà, owó ilẹ̀ Gabon, là ń gbà, a ti di olówó. Wọn ò mọ̀ pé ìwé ìgbélùú wa, carte de séjour, ò ní pẹ́ parí, àti pé àwọn aláṣẹ ò ní tún un ṣe fún wa àfi tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Tí kò bá síṣẹ́, kò sí ìwé. Tí kò bá sí ìwé, a ó kẹ́rù wa. Orí iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn ni ilé wa ní àdúgbò Avéa dúró lé, àti ilé ìwé Pẹ̀lúmi ọmọ wa, àti kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké tí èmi náà ń kọ́.

Àárín ìgbà yẹn ni àwọn oní-tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé sáìtì ń falẹ̀. Wọ́n sọ fún Cyprien pé tó bá jẹ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ ló ti gbó, àwọn máa sanwó kí wọ́n fi èdè tuntun tún un kọ látòkè délẹ̀. Cyprien bá ní kí wọ́n fi eré àwọn èdè náà wéra.

Kévin ló ṣe ìdíwọ̀n àkọ́kọ́. Ọmọ Ògúndélé ará ìjọ wa ni, Libreville ni wọ́n bí i sí, òun àti ọkọ mi nìkan ló sì ń kọ sáìtì lọ́dọ̀ Cyprien. Ó fi PHP kọ ojú ìwé kan, ó fi JavaScript, èdè tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kọ irú rẹ̀, ó ní kí kọ̀ǹpútà máa pe méjèèjì léraléra, kí wọ́n wo èyí tó máa yára dáhùn jù. JavaScript fi PHP sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Inú Cyprien dùn. Ọkọ mi délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ojú ìwé òfìfo ni!" ló ń pariwo. "'Bonjour' nìkan ló wà níbẹ̀! Ta ló ń ra 'Bonjour'?"

Lọ́jọ́ Sunday, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Kévin wọlé tọ̀ wá wá.

"Tonton, ẹ jọ̀ọ́, laissez tomber, ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí tèmi gagner."

"Kí tìẹ borí? Ohun tí kò ṣe nǹkan kan?"

"Je sais. Mo mọ̀, Tonton. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Tí JavaScript bá wọlé, a máa tún site yẹn kọ, ó máa gbà wá tó ọdún kan. Ẹ̀yin lẹ mọ inú ẹ̀, patron Cyprien ò lè lé yín. Èmi náà, il me garde, ó máa dá mi dúró. Mais tí tiyín bá gagner, c'est fini, ó parí nìyẹn. Kí la tún fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?"

"Ṣé kí n wá ba iṣẹ́ ọwọ́ ara mi jẹ́ ni? Ẹni tó bá gba ọ̀gá ẹ̀ lọ́wọ́ òfò, ṣé wọ́n máa ń lé e ni?"

Kévin yíjú sí mi. "Tata, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Mo mọ̀ pé òótọ́ lọmọ yẹn ń sọ. Mo ní, "Bàbá Pẹ̀lúmi, ẹ gbọ́ ohun tó ń wí."

Ó wò mí lójú. "Ṣìkẹ́mi, ṣé kí n purọ́?"

Ẹ wo irú ìbéèrè! Bíbélì ṣì wà lórí itan mi, gèlè ò tíì kúrò lórí mi. Ta ló máa la ẹnu sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, purọ́? Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ara mi, mo dìde lọ wo ìkòkò tó wà lórí iná.

Ọkọ mi gbé PHP tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì fi ojú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ṣe ìdíwọ̀n, èyí tó ń wá àyè tó ṣófo nínú ọkọ̀, tó ń wá orúkọ èrò. Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ẹni tó sáré lọ pọnmi àti ẹni tó rìn, tí wọ́n bá dé ìdí ẹ̀rọ, orí ìlà kan náà ni wọ́n máa dúró sí. Ibi tí wọ́n kó orúkọ èrò pamọ́ sí ni ìlà náà wà, ibẹ̀ ni JavaScript àti PHP ti jọ ń dúró. Ó wá ohun tó ń fa ìlà yẹn, ó rí i, ó tún un ṣe. Eré tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá, kò sí ẹni tó tún lè ní ó ń falẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin nílé ìwẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo gberin.

Lọ́jọ́ tó gbé e lọ síwájú Cyprien, ọ̀sán gangan ló wọlé. Kì í ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án.

"Ṣé ẹ borí?" ni mo bi í.

"Mo borí."

Ó jókòó, kò bọ́ bàtà. Ó ní Cyprien dìde dúró, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní "Félicitations", ó kí i kú oríire. Ó pe àwọn oní-tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù níṣojú ọkọ mi àti Kévin, ó sọ fún wọn pé sáìtì ti yá, pé èdè rẹ̀ ò gbó. Àwọn yẹn dúpẹ́, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí àwọn tún máa sanwó fún nìyẹn. Cyprien gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Kò sí iṣẹ́ míì nílẹ̀. Ó sọ fún Kévin àti ọkọ mi pé kí wọ́n má bínú, òun ò lè máa san owó oṣù wọn mọ́.

"Kévin ńkọ́? Kí ló sọ?"

"Ó bá mi gbé báàgì mi dé ẹnu ọ̀nà."

Ì bá ṣe pé Kévin bú u ni, ì bá sàn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi rìn káàkiri, ó dé Akanda, ó dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń dín èèyàn kù. Ìwé ìgbélùú wa parí. Ẹni tó máa ra bẹ́ẹ̀dì wa ti wá wò ó.

Bí mo ṣe ń ká aṣọ ilé ìwé Pẹ̀lúmi sínú báàgì, Adéyanjú jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kù, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Ẹ̀dà sáìtì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tún un ṣe, ó ń díwọ̀n eré rẹ̀, ó tún ń tún un ṣe.

"Ṣìkẹ́mi," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "ó tún ti yá sí i."

Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn pẹ̀lú. Mo fa síìpù báàgì náà pa.

"Ta ló ń dúró dè é?" ni mo bi í.

Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ń wo iye tó ń jáde.