Táìlì Tó Ń Dáhùn

Télọ̀ ni ọkọ mi, ó sì dá a lójú pé kò sí ohun tó ṣeé wọ̀n tí ọwọ́ òun kò lè ká. Nígbà tí táìlì mẹ́rin sán nílẹ̀ pálọ̀ wa, mo ní kó pe bíríkìlà. Ó wò mí bí ẹni tó ní kó lọ rán ṣòkòtò ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì.

"Torí táìlì mẹ́rin?" ló wí. "Kí lọwọ́ mi ń ṣe?"

Mo ní ohun tójú wá lójú ń rí.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó wà níwájú ilẹ̀kùn kíṣìnnì ló pẹ́ jù. Abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo láti bí ọdún mẹ́ta. Téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, á dún kó. Màmá, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, nìkan ni kì í ráhùn nípa rẹ̀. Ojú Màmá ti di bàìbàì, òjìji lásán ló ń rí, àmọ́ kò gbà kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú nínú ilé. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fà mí lọ́wọ́ lọ síbi omi mímu," ló máa ń sọ, "mo ti dẹrù nìyẹn." Kò sẹ́ni tó fẹ́ rí ọjọ́ náà nínú wa.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà, ó sì fi òòlù yọ àwọn táìlì tó sán. Wàhálà kò dé àfìgbà tó gé èyí tó máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò wọlé.

"Íǹṣì kan lẹ fi lé e," mo wí.

"Wọ́n máa ń fi ààyè sílẹ̀," ló fèsì. "Tó bá fún ńkọ́?"

Mo bi í bóyá ilẹ̀ wa ń gbèrò àtisanra. Ó tún fa ilà, ó gé íǹṣì náà kúrò.

Mi ò ní purọ́, iṣẹ́ náà dára nígbà tó parí. Ó pe ará ilé kejì wá wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ń gbálẹ̀ nígbà tí Màmá jáde ní yàrá, tó ń lọ mu omi. Ó rìn kọjá ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ó ń lọ ṣáá, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi kan ògiri. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì.

"Ìyàwó," ló pè mí. "Ibo ni mo wà?"

Mo sáré dì í lọ́wọ́ mú. Kò já a gbà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìgbà tó jókòó ló tó sọ ọ́. "Táìlì tó máa ń dún yẹn dà? Tó bá ti dáhùn, mo mọ̀ pé kí n yà sọ́tùn-ún."

Ọkọ mi dúró pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. "Màmá, ẹ ò sọ fún wa."

"Ṣé kí n máa polongo pé mi ò ríran ni?"

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọkọ mi lọ pe bíríkìlà fúnra rẹ̀. Bíríkìlà kúnlẹ̀, ó fi ìka kan táìlì náà káàkiri.

"Iṣẹ́ yìí dáa o. Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni," ni ọkọ mi wí, àyà rẹ̀ yọ síta. "Ẹ bá mi fọ́ ọ."

Bíríkìlà kọjú sí mi, bí ẹni tó fẹ́ bi mí bóyá ara ọkọ mi yá. Nígbà tá a ṣàlàyé fún un, ó mirí. "Ogún ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Kí n tẹ́ táìlì kí abẹ́ rẹ̀ ṣófo? Ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ má ṣèyọnu," mo wí. "Ọkọ mi mọ̀ ọ́n."

Wọ́n fọ́ ọ. Ọkọ mi mú òmíràn, ó fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀díẹ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni ń gán bọ́tìnnì, ó fi àárín sílẹ̀ lófìfo. Bíríkìlà ń wò ó, ó ń kẹ́dùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tó gbẹ, Màmá jáde láàárọ̀. Ọwọ́ ọkọ mi ń na ara rẹ̀ sí i, mo fa ẹ̀wù rẹ̀ sẹ́yìn. Màmá gbẹ́sẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀. Kó. Ó yà sọ́tùn-ún, ó wọlé, a gbọ́ ìró ife. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó dúró lórí rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, Màmá."

"Mo mọ̀," ló wí. "Bíríkìlà gidi ò lè ṣe é báyìí."

Ó dá rìn padà sí yàrá rẹ̀. Ọkọ mi kọjú sí fèrèsé, ó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú. Ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ mẹ́ta ló wà lẹ́nu mi. Mo gbé gbogbo wọn mì.